Iná Tí Kì í Dúró Sójú Kan

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe áyọ́ọ̀nù ìjóléèdì, kì í sì ṣe mítà. Tiráńsífọ́mà jíjóná ni. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, òórùn fáníṣì tó ti jó ń ti ara rẹ̀ wá. Ó ní, “Tú u. Ka yíyí rẹ̀ bó o ṣe ń tú u. Wáyà ò gbọdọ̀ já.” Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Oṣù Kìíní ọdún 2009 ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹni mẹ́rin bá wọ̀ tán, ẹnì karùn-ún á dúró síta, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòtún lọ sí Ìgàndò.

Mo rò pé eré ọmọdé ni. Ṣebí títú ni wọ́n ní kí n tú u, wọn ò ní kí n dì í. Kí ìdajì wákàtí tó pé, wáyà ti já lẹ́ẹ̀mẹta, iye tí mo ń kà sì ti dàrú mọ́ ariwo kọ̀ndọ́ tó ń pe èrò lóde: “Ìgàndò, Ìyànà Ìbà! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ o!” Ọ̀gá ò bínú. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa òmíràn jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tú tiráńsífọ́mà, tí wáyà bàbà ń ya ìka mi, tí eruku fáníṣì ń wọ̀ mí ní imú. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹrìnlá, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Mo ti ń mọ ìwà ẹni tó di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn kan to wáyà wọn bí ẹni ń di irun ṣùkú, wọ́n fi bébà tẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kù díẹ̀ kí wọ́n parí, wọ́n kánjú, wáyà gun ara wọn. Ibi tí wáyà bá ti gun ara wọn yẹn gan-an ni iná ti máa ń jó o. Mo sọ fún ọ̀gá. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé o ti wá rí i? Ó dáa. Lọ ra ẹ̀wà wá.” Ìyẹn ni ìyìn àkọ́kọ́ tí mo gbà, oṣù méje sì kọjá kí n tó gba òmíràn.

Bàbá mi ló mú mi lọ. Ìdánwò ìwọlé yunifásítì kò gbè mí lọ́dún náà, bàbá mi sì kórìíra ọmọ tó ń jókòó sílé. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́rin, a gbé kéréètì mínírà kan lọ, ọ̀gá gbàdúrà, ó sì ka òfin rẹ̀ sí mi létí: ilẹ̀ gbígbá kí aago méje tó lù, fóònù ò gbọdọ̀ gun orí tábìlì iṣẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí n máa fi kan ohun tí iná wà lára rẹ̀, kí èkejì wà lẹ́yìn mi. Òfin kẹta yìí ti gba ẹ̀mí mi là ju ìgbà kan lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá, Mushin ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí rédíò ṣì ń lo tíúbù onídígí. Kò ka ìwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour bá ń ké ní ilé kẹta, ó lè sọ fún ọ látinú ohùn rẹ̀ bóyá epo ló ń tán nínú rẹ̀ tàbí ẹrù ló pọ̀ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn títú, dídì ló kàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn rò pé àyídà wáyà lásán ni. Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ wọ̀n ni àárín kóò, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ irin onírìísí E àti I tí a ń tì bọ inú ara wọn. Tí àárín E bá fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 4, tí gbogbo rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ntímítà 5 nígbà tí a bá tò wọ́n jọ, 20 nìyẹn. Ọ̀gá ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ 42 sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A ó pín 42 sí 20, yóò fún wa ní 2.1, iye yíyí tó tọ́ sí fólítì kan. Fún fólítì 220, yíyí 462. Ọ̀gá ò mọ ibi tí 42 ti wá. Ọ̀gá tirẹ̀ ló fún un. Ọdún kẹrin kí n tó rí i nínú ìwé àlòkù kan: 4.44 ni, àti 50 tí iná wa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti ìwọ̀n òòfà tí a fẹ́ kí irin náà gbà, tó lé díẹ̀ ní tẹ́sílà kan. Mo sáré lọ fi hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá mi ò parọ́ nígbà náà.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pa ṣọ́ọ̀bù dé ní aago mẹ́rin lọ́jọ́ náà.

Wáyà ní bí ó ṣe ń ṣe lọ́wọ́. Tí o bá fà á le jù, ọ̀dà tó bò ó á bó, ara bàbà á kan ara bàbà. Tí o bá dẹ ọwọ́, yóò máa kùn bí oyin nígbà tí iná bá dé sí i. Àtàǹpàkò òsì ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, ó ti ní egbò líle kan níbẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn dídì, a ó rì í sínú fáníṣì, a ó sì gbé e sínú páálí pẹ̀lú gílóòbù oníwáàtì 200 kan tí a tàn sí i mọ́jú, kó lè gbẹ dénú.

Inú ọdún kejì ni wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì. Sìtébíláísà onírìléè, ẹ̀rọ tó ń mú kí fólítì dúró sójú kan, ni à ń ṣe jù nígbà náà. Áísì LM324 kan ló máa ń wà nínú rẹ̀, áńpílífáyà mẹ́rin nínú ẹyọ kan, tí à ń lò bí olùfiwéra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi fólítì tó ń wọlé wé ààlà tí a ti fi sùkúrúdíráfà tín-ín-rín yí sílẹ̀ fún un. Bí iná bá lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, rìléè á gbá “kẹ́”, á bọ́ sí orí tiráńsífọ́mà níbi tí yíyí ti pọ̀ jù. Mo ṣe tèmi àkọ́kọ́, mo tan án, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di aago méje alẹ́, iná sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dúró gan-an lórí ààlà, rìléè mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké: kẹ-kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Iná ń jáde ní ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín dé ọ̀la.

Ọ̀gá ò sọ ohun tí n ó ṣe. Ó kàn bi mí pé, “Tí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ̀ bóyá kóun wọlé tàbí kóun jáde, kí lo máa ṣe fún un?” Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Ohun tó nílò ni ẹnu ọ̀nà méjì: ọ̀kan tí yóò gbà wọlé, ọ̀kan tí yóò gbà jáde, kí àyè díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Mo fi rẹsísítọ̀ kan so ẹnu àbájáde áísì padà mọ́ etí rẹ̀ tó ń gbọ́ràn, ààlà sì di méjì, fólítì 6 ló wà láàárín wọn. Ariwo náà dákẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọ Amẹ́ríkà kan, Otto Schmitt, ti rí ọgbọ́n yìí ní nǹkan bí ọdún 1934, láti ara bí iṣan ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní squid ṣe ń gbé ìròyìn. Kò dùn mí rárá pé ó ṣíwájú mi. Ọjọ́ méjì tèmi ni mo fi rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Ìkòtún.

Nígbà tí iṣẹ́ bá lọ sílẹ̀, ọ̀gá máa ń sọ̀rọ̀ Ayọ̀délé Awójọbí, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Èkó tó mú jíìpù kan, tó ṣe é títí ó fi lè máa lo gbogbo jíà rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, tó sì sọ ọ́ ní Autonov 1. Ó kú ní 1984, ẹni ọdún 47. Bí ọ̀gá bá ti dé ibẹ̀ yẹn, á mí kanlẹ̀. Èmi náà ní ìtàn tèmi: mo rí i kà pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Bartholomew Nnaji, tó di mínísítà ètò iná ní 2011, iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì ló fi di olókìkí ní Amẹ́ríkà, kódà ó kọ ìwé lórí bí róbọ́ọ̀tì ṣe lè máa to nǹkan pọ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 2012. Ọ̀gá mi orí, ó ní, “Ọ̀rọ̀ iná le ju ti róbọ́ọ̀tì lọ.”

Èmi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Ọdún kẹta ni mo dé orí sìtébíláísà onímọ́tò (mọ́tò kékeré inú ẹ̀rọ ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí à ń gùn). Èyí kì í fi rìléè ṣàtúnṣe fólítì. Kọ́ìlì rẹ̀ rí roboto bí òṣùká, a ha ọ̀dà orí rẹ̀ kúrò ní ojú kan kí bàbà lè yọ. Mọ́tò náà gbé apá kan dání, búrọ́ọ̀ṣì dúdú kékeré sì wà ní orí apá náà, tó ń rìn lórí bàbà yẹn lọ sókè lọ sísàlẹ̀ láti wá ibi tí 220 wà. Ẹ wò ó dáadáa: ó ń wo nǹkan, ó ń pinnu, ó ń ṣípò padà. Róbọ́ọ̀tì ni, róbọ́ọ̀tì alápá kan tí kò lórí. Ọmọ Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, tó bá ń wá róbọ́ọ̀tì lórí tẹlifíṣọ̀n, kó lọ wo ẹ̀yìn fíríìjì ìyá rẹ̀.

Ìyá Oníyìnyín kan wà ní Ìgàndò tó ní fíríìsà ńlá méjì. Ọ̀gá ní kí èmi nìkan lọ bá a so tirẹ̀. Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn aago méje alẹ́. Iná ò ju 150 lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ń fà bí ìgbín, ó sì ń tijú láti dé 220. Mo yí ìwọ̀n ìdáhùn rẹ̀ sókè, kó lè máa yára. Ó yára lóòótọ́. Nígbà tí fíríìsà bá gbéra, kí o tó wí pé kíní, ó ti padà sí 220. Ìyá náà gbàdúrà fún mi, ó fún mi ní omi tútù àti owó ọkọ̀, mo sì ń rìn bí ẹni tó ti gba fírídọ̀mù.

Ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, fóònù ọ̀gá dún. Láàárín òru, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti sùn, iná gun òkè, ó ga ju 220 lọ. Ẹ̀rọ mi ò dúró mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì kọjá ibi tó yẹ, ó padà, ó tún kọjá, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, títí iná fi jó ojú bàbà náà mọ́lẹ̀ níbi kan. Yìnyín yọ́, omi ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀bi èmi nìkan ni. Ọ̀gá tún kọ́ìlì náà dì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì mú mi dání lọ bẹ Ìyá Oníyìnyín. Ó dọ̀bálẹ̀ ṣáájú mi. Àgbàlagbà! Mi ò lè gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilẹ̀ omi náà.

Ìjìyà mi ni pé kí n sun ọgbà ìyá náà fún òru mẹ́ta pẹ̀lú mítà, tọ́ọ̀ṣì àti ìwé, kí n máa kọ iye iná sílẹ̀ ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, àti iye tí ó yí nígbà tí mo bá fi ọwọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì ní ìṣísẹ̀ kan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi dòní, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn wà lójú rẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́, 148. Ìṣísẹ̀ kan ń gbé e sókè ní nǹkan bíi fólítì kan. Aago mẹ́ta òru, 231. Ìṣísẹ̀ kan náà ń gbé e ní fólítì tó kù díẹ̀ kó pé méjì. Ó yé mi níbẹ̀, nínú òkùnkùn. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ jù l’Ékòó. Lálẹ́, gbogbo wa ń tan iná lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà àdúgbò tín-ín-rín. Bí ẹ̀rọ mi bá fa iná sókè, ó ń gba èyí tó pọ̀ sí i lójú pópó, ojú pópó náà á sì tún lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìdajì ohun tí mo fà ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Lóru, kò sẹ́ni tó ń bá mi du ú. Ìṣísẹ̀ tó jẹ́ jẹ́jẹ́ lálẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ lóru. Mo ti ṣètò rẹ̀ fún ìlú kan, ó sì jí sí ìlú mìíràn.

Ọ̀gá ka ìwé náà. Ó ní, “Ọbẹ̀ gbígbóná lo fẹ́ fi ìkánjú lá.” Ó wá sọ ohun kan tí ó ti ń bá mi lọ láti ọjọ́ náà: ẹ̀rọ náà ò burú, ẹni tó yẹ kó máa yí sùkúrúdíráfà lóru ni kò sí níbẹ̀.

Mo gba fírídọ̀mù ní Oṣù Kìíní 2013, pẹ̀lú ìrẹsì, orin àti fọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí mo ṣe máa fi ẹnì kan sínú ẹ̀rọ náà tí yóò máa yí sùkúrúdíráfà lóru.

Ẹni náà ni mo rí ní ọjà Alábà, ní ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tó kó pánẹ́ẹ̀lì búlúù kékeré sínú ọ̀rá. Arduino ni wọ́n ń pè é, ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó. Kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibi ìrántí rẹ̀ fún iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò sì ju kílóbáìtì 2 lọ. Fún oṣù mẹ́ta, iná pupa kan tó ń ṣẹ́jú ni gbogbo ohun tí mo lè mú un ṣe. Ọ̀gá á kọjá, á ní, “Ó ṣì ń ṣẹ́jú?” Màá ní, “Ẹ̀n, sà.” Mo padà di ọmọ tó ń tú tiráńsífọ́mà.

Ìlànà ìṣírò tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní PID. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe jìnnà sí ibi tí mò ń lọ báyìí? Gbèsè mélòó ló ti ń gorí gbèsè láti ẹ̀yìn wá? Báwo ni mo ṣe ń yára sún mọ́ ọn? A ó sọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, a ó ro wọ́n pọ̀, mọ́tò á sì gbé iye náà. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé Nicolas Minorsky, tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1922, kò bá a nínú ìwé: ó wo bí atọ́kọ̀ ojú omi ṣe ń yí ìdarí ọkọ̀ ni. Atọ́kọ̀ ń wo ibi tó ti ṣìnà, ó ń rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í láti àárọ̀, ó sì ń tètè dẹ ọwọ́ kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Ọ̀gá mi ni Minorsky ń wò, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ara wọn.

Ti yíyan nọ́ńbà, ọgbọ́n Ziegler àti Nichols ti 1942 ni mo lò. O máa gbé ìwọ̀n ìdáhùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi máa mì lọ mì bọ̀ láìdínkù, láìpọ̀ sí i, bí agogo ara ògiri. O máa kọ iye náà sílẹ̀, kí o wá mú ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí tábìlì mi. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn ṣì wà níbẹ̀: nọ́ńbà tó tọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò tọ́ ní aago mẹ́ta òru. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yí nọ́ńbà náà pẹ̀lú.

Àwọn tó ti rí ọ̀nà yìí pọ̀. Karl Johan Åström àti Björn Wittenmark, ọmọ Sweden, gbé èyí tó rọrùn jù fún mi jáde ní 1973. Ẹ̀rọ máa ń di àbá kan mú nípa ìlú tó wà: “Tí mo bá ṣí ìṣísẹ̀ kan, fólítì báyìí ló máa yí.” Ó ṣí i. Ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Tí àbá àti òtítọ́ bá yàtọ̀, ó sún àbá náà díẹ̀ sí ọ̀nà òtítọ́, kò sún un tán. Ó sì ń gbàgbé àtijọ́ díẹ̀díẹ̀: mo fi 0.98 sọ ohun tó ti mọ̀ di púpọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, débi pé ohun tó rí ní ìṣísẹ̀ 50 sẹ́yìn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ mọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi àbá yìí pín ìwọ̀n ìdáhùn. Lálẹ́ tí ìṣísẹ̀ ò lágbára, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an; lóru, ó dẹwọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà káfè kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo ti kọ́kọ́ ya sákíìtì náà sínú ètò afarawé, irú èyí tí SPICE ti Yunifásítì Berkeley bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán lójú gíláàsì. Mo jó o pọ̀ nílé, mo tan án, Arduino kú, ó jí, ó kú, ó jí. Iná inú afarawé dán bí omi ìgò. Ti ojú pópó wa ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mọ́tò bá gbéra, ó ń jí iná jẹ lẹ́nu áísì. Mo ya iná mọ́tò sọ́tọ̀, mo so kàpásítọ̀ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ áísì gan-an, mo sì fi dáyóòdù 1N4007 dí ẹ̀yìn rìléè tó ń gé iná. Ọ̀gá ló sọ ti dáyóòdù. Ó ti ń fi í síbẹ̀ láti ọjọ́ rédíò.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ Àìkú, iná dúró jẹ́ẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, irú èyí tí a kì í rí. Mọ́tò ò mira. Aládùúgbò kan tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, búrọ́ọ̀ṣì mi sì fò bí ẹni tí ejò bù jẹ, ó gbá òpin kọ́ìlì. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ ṣú. Mo rántí X-15, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tó já ní ọjọ́ 15 Oṣù Kọkànlá 1967, tó pa Michael Adams: ètò ìdarí tó ń yí ara rẹ̀ padà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń já bọ̀, ìmìtìtì mú ètò náà, ìwọ̀n ìdáhùn rẹ̀ kò sì sọ̀ kalẹ̀. Tèmi kò pa ẹnì kankan. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù mú mi.

Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá ní ọjọ́ Ajé. Mo ní nígbà tí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ń gbàgbé àtijọ́ lọ, kò sì rí ohun tuntun kọ́, nígbà tó bá sì rí ariwo kékeré kan, á dì í mú bí òtítọ́. Ọ̀gá ò tiẹ̀ ronú. Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń fi wáyà gbá ara wọn létí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. “Ọjọ́ tí iṣẹ́ ò bá sí, ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ́. Tèmi, tí iṣẹ́ ò bá sí, mo máa ń lé wọn lọ sílé ni.” Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi kún kóòdù náà: tí mọ́tò ò bá ṣí, má kọ́, má gbàgbé.

A gbé e padà lọ sí Ìgàndò ní 2016. Èmi ni mo ní kó jẹ́ ilé Ìyá Oníyìnyín. Ọ̀gá ò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní òun á sun ibẹ̀. Ìyá náà gbé ẹní méjì jáde. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, tí jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, tí ajá nìkan ń sọ̀rọ̀, mítà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: 219, 224, 229. Ọ̀gá ti jí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, bí ìyá tó ń wo ibà lára ọmọ, ó di ojú. Mọ́tò ṣí lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ó dúró. Ó tún ṣí díẹ̀. Ó dúró. Mi ò lè mí. Ọ̀gá fi ìka wá ìdérí ẹ̀rọ náà kiri nínú òkùnkùn, ó dé igun kan, ó dúró níbẹ̀.

Ó ní, “Síkúrù kan ò le níbí o. Sùkúrúdíráfà dà?”